Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Kì í Ṣe Yàrá, Ṣùgbọ́n Ilé Ni: Bí A Ṣe ń Yanjú Ìṣòro Àwòṣe Ilé Lórí Kọ̀ǹpútà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kò sí ẹni tí ó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè láàrin wa tí kò mọ òwe yìí. Ṣùgbọ́n ní ìsinmi gígùn tí ó kọjá ni mo rí i pé a lè dojú òwe náà kọ ibòmíràn: ìgbà mìíràn wà tí ó jẹ́ pé orúkọ ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò kí a tó kọ́lé. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yíya àwòṣe ilé lórí kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ má ṣe sọ pé iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ilé nìyẹn. Bí ẹ bá fara balẹ̀ kà á dé òpin, ẹ ó rí i pé iṣẹ́ tiwa wà nínú rẹ̀.

Adja-Ouèrè ni ilé wa, ní ẹkùn Plateau, lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ní ọdún 1999 ni wọ́n yọ Plateau kúrò lára ẹkùn Ouémé. Ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún ni ó wà lábẹ́ rẹ̀: Adja-Ouèrè, Ifangni, Kétou, Pobè àti Sakété. Nàgó ni a ń sọ nílé, Faransé ni a fi ń kàwé. Ìdí nìyẹn tí ohun kan náà fi sábà máa ń ní orúkọ méjì lọ́dọ̀ wa, ọ̀kan fún ẹnu, ọ̀kan fún ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ilé alámọ̀ tí bàbá bàbá mi kọ́ ti gbó. Àwa ọmọ wá pinnu pé a ó fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn fún ìyá wa sí ojú ibẹ̀ gan-an, kí òjò ńlá tó máa ń bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹta tó dé. Ẹ̀gbọ́n mi tí ó ń gbé ní Kùtọnú ni ó gbé iṣẹ́ fún ayàwòrán kan, ó sì fi fọ́tò ìwé àwòrán náà àti ìṣirò owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó ní kí n gbé e sórí kọ̀ǹpútà kí ìyá wa lè rí ilé náà bí ẹni pé ó ti dúró, nítorí pé ìlà orí ìwé kò yé e.

Ètò kọ̀ǹpútà tí mo lò ni Sweet Home 3D. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Emmanuel Puybaret, ni ó ṣe é, ọdún 2006 ni ó sì kọ́kọ́ jáde. Ọ̀fẹ́ ni. Bí a bá ti gbà á sórí kọ̀ǹpútà tán, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, èyí sì dára fún ẹni tí ó wà lábúlé. Mo tún lo SketchUp fún òrùlé. Ọdún 2000 ni ìyẹn jáde. Google rà á ní 2006, Trimble sì rà á lọ́wọ́ Google ní 2012. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò ya ilé lọ́jọ́ kan, yálà fún òbí ni tàbí fún ara yín. Nítorí náà, n ó to àwọn ìṣòro tí ó wọ́pọ̀ jù lẹ́sẹẹsẹ àti bí a ṣe ń bọ́ nínú wọn.

Ìṣòro kìn-ín-ní ni ti ìwọ̀n. Ètò yìí gbà kí a fi fọ́tò ìwé àwòrán sábẹ́, kí a sì máa ya ògiri lé e lórí. Ohun tí ó ń béèrè ni pé kí a fa ìlà kan lé ibi tí a mọ gígùn rẹ̀, kí a sì kọ gígùn náà fún un. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó ya fọ́tò bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, apá tí ó jìnnà sí i yóò kéré ju apá tí ó sún mọ́ ọn lọ. Ìlà kan ṣoṣo kò lè fi èyí hàn. Ẹ tẹ́ ìwé náà sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kí ẹ ya á láti òkè gangan. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn ìlà kejì tí ó gba ọ̀nà mìíràn. Bí ìlà ìbú bá bá ìwé mu, tí ìlà òró kò bá a mu, ẹ tún fọ́tò yà kí ẹ tó ya ògiri kankan.

Ìṣòro kejì ni ògiri tí ó lanu. Ẹ mọ òwe náà: bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Lójú kọ̀ǹpútà, ògiri méjì lè dà bí ẹni pé wọ́n ti kanra ní igun, kí ó sì jẹ́ pé àlàfo sẹ̀ǹtímítà méjì wà láàrin wọn. Àmì tí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n ni pé ilẹ̀ yàrá náà yóò kọ̀ láti kún nígbà tí ẹ bá tẹ àárín rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fẹ igun kọ̀ọ̀kan sókè kí ó tóbi, ẹ fa orí ògiri kan títí yóò fi kan orí èkejì, àwọn méjèèjì yóò sì di ọ̀kan ní igun. Ẹ tún wò ó bóyá ògiri méjì ni ó wà lórí ara wọn níbi tí ó yẹ kí ọ̀kan wà. Èyí náà máa ń ṣẹlẹ̀, kí ẹ pa ọ̀kan rẹ́.

Ìkẹta ni bí ògiri ṣe nípọn tó. Ètò náà ní ìwọ̀n tirẹ̀ tí ó ń lò bí a kò bá sọ nǹkan kan fún un, ìwọ̀n náà sì kéré ju ti ògiri wa lọ. Ògiri búlọ́ọ̀kù tí a fẹ́ kọ́ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15. Ògiri amọ̀ bàbá bàbá mi tó 40. Bẹ́ẹ̀ ni àárín ògiri ni kọ̀ǹpútà ti ń ka gígùn. Bí a bá ya yàrá mítà 4 sí mítà 4, tí ògiri rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15, inú yàrá yóò ku mítà 3.85. Bí ó bá jẹ́ ògiri amọ̀ ni, yóò ku 3.60. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé bẹ́ẹ̀dì àti àpótí aṣọ sínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ èyí kí ó tó rà wọ́n. Nítorí náà, inú dé inú ni kí ẹ wọn ilé tí ó ti wà, kí ẹ sì fi ìnípọn ògiri kún un nígbà tí ẹ bá ń yà á.

Ìkẹrin ni ilé tí igun rẹ̀ kò gún. Mo ní láti ya ilé àtijọ́ náà pẹ̀lú, kí a lè mọ ibi tí tuntun yóò jókòó sí. Kò sí igun kan nínú rẹ̀ tí ó gún régé, ètò náà sì fẹ́ràn igun gígún: ó máa ń fa ògiri sí ìdá igun 15, 30, 45 bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. A lè pa ìfàmọ́ra yìí níbi tí a ti ń yan bí ètò yóò ṣe máa ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe máa mọ igun gan-an? Àbúrò bàbá mi, tí ó ti ṣe iṣẹ́ mọlémọlé rí, ni ó kọ́ mi. Ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, má wọn ẹ̀gbẹ́ nìkan. Wọn láti igun dé igun.” Bí a bá mọ ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin, tí a sì mọ ìlà kan tí ó ré yàrá kọjá, yàrá náà ti di onígun mẹ́ta méjì, kò sì sí bí onígun mẹ́ta ṣe lè yẹ̀ bí a bá ti mọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òun náà ni ọgbọ́n okùn 3, 4, 5 tí àwọn mọlémọlé ń lò: bí ẹ̀gbẹ́ kan bá jẹ́ mítà 3, tí èkejì jẹ́ 4, tí ìlà tí ó so wọ́n pọ̀ sì jẹ́ 5 géérégé, igun náà gún. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbà kò wọ kèǹgbè.

Ìkarùn-ún ni ti àwọn ohun tí a gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilẹ̀kùn tí a gbé wọlé lè ga ju òrùlé lọ, tàbí kí ó dùbúlẹ̀. Èyí tí ó dùbúlẹ̀, ẹni tí ó yà á gbà pé apá ibòmíràn ni òkè wà. Ẹ yí i dìde. Èyí tí ó tóbi jù, ìwọ̀n ni kò bára mu. Bí ilẹ̀kùn bá jẹ́ 210 ní sẹ̀ǹtímítà, tí a sì kà á sí íǹṣì, yóò di mítà 5.33, nítorí pé íǹṣì kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.54. Ẹ kọ gíga rẹ̀ gan-an sí i, kí ẹ jẹ́ kí ìbú rẹ̀ tẹ̀lé e. Bí ẹ bá sì rí i tí ilẹ̀ kan ń ṣẹ́jú wìtìwìtì bí ẹ ti ń yí àwòrán ká, ojú méjì ni ó wà ní ipò kan náà, bí ẹní tí a tẹ́ sí ibi gíga kan náà pẹ̀lú ilẹ̀. Ẹ gbé ọ̀kan sókè díẹ̀, kódà kí ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan péré, yóò sì dákẹ́.

Ìkẹfà ni òrùlé, òun ni ó sì ń náni lówó jù bí a kò bá ṣọ́ra. Nínú SketchUp, bí òrùlé kò bá fẹ́ kún, ẹ wá igun tí ó ga ju àwọn yòókù lọ tàbí tí ó rẹlẹ̀. Gbogbo ìlà tí ó yí ojú kan ká gbọ́dọ̀ wà lórí pẹrẹsẹ kan náà. Bí ojú kan bá kún tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹnìkejì rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó kọ síta, ẹ yí i padà. Ilé wa jẹ́ mítà 9 ní ìbú, mítà 8 láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bí ẹ bá ka páànù lórí ìwé pẹrẹsẹ, 72 m² ni ẹ ó rí. Ṣùgbọ́n òrùlé náà dagẹ̀rẹ̀: góńgó rẹ̀ fi mítà 1 ga ju orí ògiri lọ, etí rẹ̀ sì yọ jáde ní sẹ̀ǹtímítà 60 yíká kí òjò má baà na ògiri. Apá kọ̀ọ̀kan wá gùn tó mítà 4.74, ó sì fẹ̀ tó mítà 10.2. Àpapọ̀ àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 97 m². Ó fi nǹkan bí 25 m² ju ti orí ìwé lọ, páànù wo ni ẹ ó fi bo ìyẹn?

Ìkeje ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí dáadáa. Mo ti ya ògiri tán, gbogbo igun ti pa dé, mo wá ń tẹ yàrá kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì kí kọ̀ǹpútà lè sọ bí ó ṣe tóbi tó. Pálọ̀ kún. Yàrá ìyá mi kún. Ilé ìdáná kún. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọ̀, kò kún. Mo yẹ igun rẹ̀ wò, kò lanu. Ìdí rẹ̀ ni pé, lójú ètò náà, yàrá ni ibi tí ògiri yí ká. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò ní ògiri níwájú. Òpó méjì ni ó gbé òrùlé rẹ̀ dúró. Ọ̀nà àbáyọ kò le: ètò náà gbà kí a fi ọwọ́ ya ilẹ̀, kí a máa tẹ igun kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan títí a ó fi padà sí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì kún: mítà 9 sí mítà 2.5, 22.5 m².

Ìgbà náà ni mo fi èyí wé ìṣirò owó tí ó bá ìwé àwòrán wá. Àpapọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ da kọnkéré sí kò ní 22.5 yìí nínú. Mo wo ìwé àwòrán: níbi tí ìyá mi ń pè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, “terrasse” ni ayàwòrán kọ síbẹ̀. Àwọn pièce nìkan ni ó sì kà. Bí a bá da kọnkéré tí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 8 sí 22.5 m², yóò jẹ́ mítà kúbíìkì 1.8. Bí mítà kúbíìkì kan bá gba sìmẹ́ǹtì kílò 300, kílò 540 nìyẹn, tí í ṣe àpò 11 ó dín díẹ̀. Kò sí àpò kan nínú wọn tí ẹnikẹ́ni ti ṣètò owó fún. Ohun tí a fi ń ṣeré nínú kíláàsì ìmọ̀ ìtumọ̀ ti di owó nílé wa.

Ẹ jẹ́ kí a tú u bí a ti ń tú àbùdá ìtumọ̀. Yàrá: ó ní òrùlé, ó ní ògiri yíká. Ọ̀dẹ̀dẹ̀: ó ní òrùlé, kò ní ògiri yíká, ó jẹ́ ibi ìjókòó àti ibi ìgbàlejò. Terrasse nínú Faransé: kò ní ògiri yíká, ó sì lè wà láìní òrùlé rárá. Ibi tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti terrasse ti pàdé ni pé wọn kò ní ògiri yíká. Ẹni tí ó túmọ̀ ọ̀kan sí èkejì kò purọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ di ilé ti bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Nígbà tí mo pe ẹ̀gbọ́n mi láti sọ fún un pé owó kò tó, ó ní, “Terrasse kì í ṣe pièce. Ẹ jẹ́ kí a yọ ọ́, kí a fa pálọ̀ jáde dé ibẹ̀.” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n yà á kí àwọn àgbà wò ó ná.” Mo ya a bẹ́ẹ̀. Mo gbé e síwájú ìyá mi àti àbúrò bàbá mi. Ìyá mi wo iwájú ilé tí ó jẹ́ ògiri gbọọrọ, ó ní, “Ilé dára. Níbo ni èmi ó wá máa jókòó? Ẹni tí ó bá wá kí mi láàárọ̀, inú yàrá ni yóò ti bá mi?” Àbúrò bàbá mi kò wo òkè, ilẹ̀ ni ó ń wò. Ó ní, “Bàbá wa dà?”

Oórì bàbá bàbá mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àtijọ́, lápá ọ̀tún. Kò sí oórì nínú àwọn ohun tí ètò náà kó fún wa, nítorí náà mo fi àpótí pẹlẹbẹ kan, mítà 2 sí sẹ̀ǹtímítà 80, sí ojú ibi tí mo wọ̀n sí lórí ilé àtijọ́. Nígbà tí mo gbé ilé tuntun lé e, tí pálọ̀ ti jáde síwájú, ìpìlẹ̀ ògiri iwájú gba orí oórì náà kọjá. Kò sẹ́ni tí ó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àbúrò bàbá mi wá ní, “A kò ní gbẹ́ ìpìlẹ̀ lé bàbá wa lórí.” Mo dá ọ̀dẹ̀dẹ̀ padà. Òpó kan wà nítòsí oórì, mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níṣojú wọn, oórì sì wà láàrin òpó méjì láìsí ohun tí ó kàn án. Òpó ṣeé sún; ògiri kò ṣeé sún.

Mo fi àwòrán méjèèjì ránṣẹ́ sí Kùtọnú. Mi ò kọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ sí i, mo kàn kọ “ọ̀dẹ̀dẹ̀” sí ibi tí “terrasse” wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi pè padà lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní òun gbà, pé a ó dín yàrá àlejò kù kí owó sìmẹ́ǹtì lè kárí. Ohun tí àríyànjiyàn orí tẹlifóònù kò lè yanjú, àwòṣe yanjú rẹ̀, nítorí pé olúkúlùkù rí ohun tí ẹnìkejì ń sọ.

Kí a má baà gbé àwòṣe gẹṣin aáyán, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ojú ilẹ̀ ni ó dúró sí. Kò mọ irú ilẹ̀ tí ó wà nísàlẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ilẹ̀ pupa ni ó wà lórí òkè, ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí, amọ̀ dúdú ni ẹ ó bá. Amọ̀ yẹn máa ń wú bí òjò bá rọ̀, ó sì máa ń sán bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ó lè fa ògiri ya. Ilé kan náà lójú kọ̀ǹpútà kì í ṣe ilé kan náà lórí ilẹ̀ méjèèjì. Mọlémọlé tí ó mọ ilẹ̀ náà ni kí a bi léèrè.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, iṣẹ́ wa nìyí o. Àtẹ́rígbà, ọ̀dẹ̀dẹ̀, àjà, òpó, agbo ilé: ìwọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a kàn ń tò sínú ìwé ìdánwò. Bí ẹ bá lọ sílé fún ìsinmi, ẹ jókòó ti mọlémọlé kan, kí ẹ kọ orúkọ apá ilé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní ẹ̀ka-èdè ibẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí ó ń béèrè kí ó tó jẹ́ orúkọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ṣé ó gbọ́dọ̀ ní òrùlé? Ṣé ó gbọ́dọ̀ ní ògiri? Ta ni ó ń jókòó níbẹ̀? Bí a bá ní irú àkójọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ẹni tí ó ń fi Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì ya ilé fún ìyá wa yóò mọ ohun tí yóò kà.